Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Ásíìdì Ni Kò Tó, àbí Omi Kànga Ni?

ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ másítà nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ni mí, Okokomaiko ni mo sì ń gbé. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí fífi nánótíúbù káábọ́ọ̀nù yọ òjé kúrò nínú omi kànga àwọn ilé tó wà nítòsí ọjà Alábà. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ásíìdì tún ojú ara nánótíúbù náà ṣe, kó lè máa di òjé mú. Ìlànà tí mo rí ni pé kí n po ásíìdì sọ́fúríìkì ọ̀nà mẹ́ta mọ́ ásíìdì náítíríìkì ọ̀nà kan, kí n sì sè é fún wákàtí 24. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín pupa rúsúrúsú ń rú jáde, ìyẹ̀fun dúdú tí mo fi owó gọbọi rà sì dín kù tó bí ìdajì.

Nígbà tí mo da èyí tó kù sínú omi dísítíìlì, ó fọ́n káàkiri, omi náà dúdú kíkì, kò sì sílẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe dà á sínú omi kànga báyìí, kí n tó yíjú, ó ti ṣù, ó ti jókòó sí ìdí bíkà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ásíìdì ni kò tó, pé kí n tún un sè. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbà Estate tún wá sọ pé ìyẹ̀fun yìí máa ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé kí n fi ásíìdì kún un? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ásíìdì ṣiṣẹ́, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ Raman nítòsí mi? Ṣé òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn?

Àbúrò yín,
Okokomaiko

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má tún un sè. Ásíìdì tó, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Jíjókòó tí nánótíúbù rẹ jókòó sí ìdí bíkà kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ bàjẹ́. Mo máa tó sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ásíìdì wá ṣe níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwọ àti ọ̀gá rẹ ti ń wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Láti 1991, nígbà tí Sumio Iijima tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ NEC ní Japan kọ ìwé rẹ̀ lórí wọn, ni gbogbo ayé ti ń sáré lé nánótíúbù. Nínú rẹ̀, káábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di mẹ́ta mìíràn mú, mẹ́fà-mẹ́fà wọn so pọ̀ di òrùka, òrùka lẹ̀ mọ́ òrùka, gbogbo rẹ̀ sì ká yípo di ọ̀pá oníhò. Èyí tó ní awọ kan ṣoṣo lè má fẹ̀ ju nánómítà kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Irú tìrẹ, tó ní awọ lórí awọ, lè fẹ̀ tó nánómítà mẹ́wàá, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ara wọn ń dán, kò sí ohun tí omi lè fọwọ́ bà níbẹ̀, òjé kò sì rí ibi dì mú. Wọ́n tún fẹ́ràn ara wọn ju bó ti yẹ lọ: bí o bá dà wọ́n sínú omi lásán, ńṣe ni wọ́n máa lọ́ mọ́ra bí irun tí ìyarun kò kàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún ojú ara wọn ṣe. Ásíìdì náítíríìkì máa ń fi ọ́síjìn sí wọn lára. Kì í sì í bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tó bá rí. Orí àti ìdí ọ̀pá náà ló máa kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ibi tí òrùka kò pé mẹ́fà, àti ibi tí awọ náà ti tẹ̀ kọrọdọ. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ carboxyl (COOH) ti ń hù, pẹ̀lú hydroxyl (OH) díẹ̀. Níbi tí ọ́síjìn ti wọ ara awọ, káábọ́ọ̀nù tó ń di mẹ́ta mú tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́rin mú báyìí, ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà kọjá níbẹ̀ sì ti dí. Ẹni tó fẹ́ fi nánótíúbù ṣe wáyà máa sunkún. Ìwọ tó fẹ́ fi mú òjé, kò kàn ọ́.

Àmọ́ ásíìdì kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bí iná àti àkókò bá ti pọ̀, á lu awọ náà ní ihò, á gé ọ̀pá gígùn sí kékeré, á sì sọ apá kan káábọ́ọ̀nù di afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Apá kan ìdajì owó rẹ bá afẹ́fẹ́ yẹn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìyókù bá omi lọ nígbà tí o ń ṣan án.

Ìlànà mẹ́ta-sí-kan tí o rí yẹn ní ìtàn, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ náà gbọ́ ọ. Ní 1998, ẹgbẹ́ Richard Smalley ní Yunifásítì Rice ní Texas gbé ìwé kan jáde nínú Science. Smalley yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 1996. Wọ́n da nánótíúbù alawọ-kan sínú àdàlù ásíìdì méjèèjì yìí, mẹ́ta sí kan, wọ́n sì fi ìró alágbára gbọ̀n ọ́n fún wákàtí 24, ní nǹkan bí 35 sí 40 díígírì. Kí ni wọ́n ń wá? Wọ́n fẹ́ gé e ni! Wọ́n fẹ́ sọ ọ̀pá gígùn di pénpé, kí wọ́n lè so nǹkan mọ́ ẹnu tí wọ́n gé. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn gba ìlànà náà, wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ gbogbo, àwọn mìíràn tún gbé e ka iná gidi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi gé nǹkan ni wọ́n ní kí o fi wẹ nǹkan.

Fún nánótíúbù alawọ-púpọ̀ tí yóò mú òjé, ásíìdì náítíríìkì nìkan, tí a ti là, ní 60 sí 70 díígírì, fún wákàtí mélòó kan, ni èmi máa fi bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kejì wà ńbẹ̀ fún àwa ará ibí: bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí o ń se ásíìdì líle fún wákàtí 24, ẹ̀rọ tó ń fa omi tútù sí kọ̀ńdẹ́ńsà á dákẹ́, ásíìdì á sì máa hó lọ láìsí ohun tó ń tù ú. Èéfín pupa rúsúrúsú tí o rí, nitrogen dioxide ni. Ó burú, torí ó lè má ṣe ọ́ ní nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, kó wá di pé omi ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí fúúmù kọ́bọ́ọ̀dù kò bá fa afẹ́fẹ́ dáadáa, má ṣe iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ní tèmi, fífọ̀ ṣe pàtàkì ju sísè lọ, ibẹ̀ sì ni ìwé ìlànà ti máa ń sọ̀rọ̀ wéré kọjá. Àdàlù ásíìdì ni kí o rọra dà sínú omi dísítíìlì tútù tó pọ̀, má ṣe da omi sínú ásíìdì láé. Yìnyín tí wọ́n ń tà ní Ìyànà-Ìbà dára fún ìta bíkà, láti fi tù ú. Kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ omi tí wọ́n fi dì í. Awọ asẹ́ PTFE ni kí o lò. Ásíìdì líle á jẹ asẹ́ oníwèé. Bó bá di pé asẹ́ náà ń lọ́ra, tí omi kò tètè kán mọ́, má bínú: nánótíúbù ló ń fọ́n ká bí ásíìdì ṣe ń tán lára rẹ̀. Àmì rere ni.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Imperial College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi hàn pé nánótíúbù alawọ-púpọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ ásíìdì bọ̀ máa ń gbé pàǹtírí sára: ẹ̀rún káábọ́ọ̀nù kéékèèké tí ásíìdì ti jẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Púpọ̀ nínú carboxyl tí a ń yọ̀ lé lórí, ara pàǹtírí yìí ló wà. Wàhálà rẹ̀ nìyí: pàǹtírí náà lè mú òjé, kó wá ṣí kúrò lára nánótíúbù, kó gba inú asẹ́ kọjá pẹ̀lú òjé tó dì mọ́ra. Nítorí náà, fi sodium hydroxide tó là dáadáa fọ̀ ọ́. Omi tó máa kọ́kọ́ jáde á ní àwọ̀ ilẹ̀. Máa fọ̀ ọ́ títí omi náà á fi mọ́, kí o wá fi ásíìdì háídírókílóríìkì díẹ̀ dá háídírójìn rẹ̀ padà fún un, kí o sì fi omi dísítíìlì ṣàn án títí pH rẹ̀ á fi bá ti omi náà mu. Èyí tí o ti sè tẹ́lẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe é. Má yan án gbẹ nínú ààrò. Bí o bá yan án, carboxyl á di carboxyl mú, ìyẹ̀fun náà á ṣù, kò sì ní fẹ́ tú mọ́. Fi í pamọ́ ní tútù.

Ó wá kan omi kànga. Nínú omi dísítíìlì, carboxyl sọ háídírójìn rẹ̀ nù, ó di aláṣáájì òdì. Gbogbo nánótíúbù wá ní ṣáájì kan náà, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi sílẹ̀. Láti Òjó dé Okokomaiko, ọ̀sà àti òkun kò jìnnà sí wa. Àwọn bóhòòlù kan wà tí ẹnu nìkan ti mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú omi wọn, àwọn mìíràn wà tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Iyọ̀ máa ń bo ṣáájì mọ́lẹ̀. Kálísíọ́mù àti magínísíọ́mù, àwọn tó ń pa ọṣẹ, ní ṣáájì méjì-méjì: wọ́n á fi ọwọ́ kan di carboxyl nánótíúbù yìí, wọ́n á fi èkejì di ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ìṣù, ó di ìdí bíkà. Bí o bá fi ásíìdì kún un títí di ọ̀la, kálísíọ́mù á ṣì wà nínú kànga.

Wò ó, ṣé o tilẹ̀ fẹ́ kí ó fọ́n ká? Ẹni tó fẹ́ fi nánótíúbù kun nǹkan, tàbí tó fẹ́ pò ó mọ́ ike, ló nílò kó fọ́n káàkiri kó má sílẹ̀. Omi mímu ni tìrẹ. Lẹ́yìn tí nánótíúbù bá ti mú òjé tán, o gbọ́dọ̀ yọ òun náà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi náà sẹ́nu. Èyí tó lè sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí asẹ́ lè gbà, gan-an lo ń wá. Ohun tí ọ̀gá rẹ pè ní àléébù yẹn, ìrànlọ́wọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé kálísíọ́mù àti magínísíọ́mù ń bá òjé du àyè lórí carboxyl kan náà, wọ́n sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Torí náà, má kan gbé iye tí o rí nínú omi dísítíìlì lọ kọ sínú ìwé rẹ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí ní Alábà. Ṣe é nínú omi dísítíìlì tí o fi lead nitrate sí, kí o tún ṣe é nínú omi kànga tí o fi ìwọ̀n òjé kan náà kún. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ. Mo rò pé òun ló máa wu olùdánwò rẹ jù. Jẹ́ kí pH wà ní nǹkan bíi 5. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, carboxyl kò ní fi háídírójìn rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá kọjá 6 lọ sí 7, òjé fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kó jókòó, ìwọ á sì rò pé nánótíúbù ló mú un. Ìgò kan tí kò sí nánótíúbù nínú rẹ̀ rárá gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù nígbà gbogbo.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ibi tí o yàn kò yẹ. Ní 2005, Basel Action Network, àjọ kan láti Seattle, gbé ìròyìn The Digital Dump jáde lórí ẹrù kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣàn àlòkù tí wọ́n ń kó wọ Èkó. Alábà wà lára ibi tí wọ́n dé. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣàn onídìí gbọọrọ ìgbà yẹn, ó wà nínú sódà tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ pákó rẹ̀. A sì ti rí ohun tí òjé lè ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí: Zamfara, 2010, níbi tí ó ti pa ọmọdé tó lé ní 400. Òdiwọ̀n omi mímu Nàìjíríà kò gba òjé tó ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Fọ ike tí o máa fi bu omi pẹ̀lú ásíìdì náítíríìkì tó là. Béèrè kí o tó sanwó àyẹ̀wò: ẹ̀rọ AAS oníná lásán, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n mẹ́táàlì, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìwọ̀n tó kéré tó yẹn, èyí tó ní graphite furnace ni kí o wá.

Ní ti ẹ̀rọ Raman, bí o bá rí ọ̀nà fi ìyẹ̀fun díẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó wà, ó dára: wàá fi gíga òkè D, ní nǹkan bí 1,350 cm⁻¹, wé gíga òkè G, ní nǹkan bí 1,580 cm⁻¹, láti mọ bí ara rẹ̀ ti ya tó. Ṣùgbọ́n òkè D kì í sọ iye carboxyl, ọgbẹ́ nìkan ló ń kà. Ohun tó ń ka carboxyl wà nínú láàbù tó tòṣì jù lọ: búrétì. Ìlànà Boehm ni wọ́n ń pè é. Po ìyẹ̀fun tí o ti wọ̀n mọ́ sodium bicarbonate tí o mọ bó ti le tó, gbọ̀n ọ́n fún ọjọ́ kan, sẹ́ ẹ, kí o wá fi ásíìdì díwọ̀n ohun tó ṣẹ́kù. Bicarbonate kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ohun mìíràn jà ju carboxyl lọ. Bí o bá fi sodium hydroxide ṣe é lọ́tọ̀, wàá rí ti hydroxyl náà lórí rẹ̀. Bí o bá máa lo ẹ̀rọ infrared FTIR, ìwọ̀nba bíńtín ni kí o pò mọ́ KBr, torí dúdú rẹ̀ á gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì. Òkè tó wà ní 1,710 sí 1,720 cm⁻¹ ni kí o wò. Èyí tó wà ní 3,400, má gbà á gbọ́, pàápàá lásìkò òjò: ọ̀rinrin Èkó nìkan tó láti gbé òkè bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìbà kò purọ́, àmọ́ ó dà gbogbo wọn pọ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Edinburgh fi hàn pé nánótíúbù alawọ-púpọ̀ tó gùn, tó sì nà tọ́ọ́rọ́, ṣe inú eku bí asbestos ti ń ṣe é. Àwọn tó kúrú, tó lọ́ pọ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2014, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú kan ṣoṣo, MWCNT-7, sí ìpele 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà kò tíì tó láti pín àwọn yòókù sí ìpele kankan. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ti sọ láti 2013 pé kí èyí tí òṣìṣẹ́ ń fà símú má ju máíkírógíráàmù kan nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́. Èyí kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló léwu jù. Inú fúúmù kọ́bọ́ọ̀dù ni kí o ti wọ̀n ọ́n, fi omi rin ín kíá, fi aṣọ tútù nu tábìlì, má gbá a. Ìbòmú N95 ni, kì í ṣe ti aláṣọ. Aṣọ láàbù rẹ kò sì gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì délé.

Bí o bá tún fẹ́ ọ̀nà tí kò ya nánótíúbù lára rárá, ó wà. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Israel fi gọ́ọ̀mù árábíìkì tú nánótíúbù sínú omi láìlo ásíìdì: oje igi yẹn kàn fara wé e lára ni. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó gọ́ọ̀mù náà, ọwọ́ wa ló wà. Àwọn ará Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Minna sì fi polyhydroxybutyrate, irú ike kan tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe, wọ nánótíúbù láṣọ láti fi yọ mẹ́táàlì tó wúwo kúrò nínú omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ tó ń lo iná mànàmáná láti fi mẹ́táàlì bo mẹ́táàlì. Ìwé wọn wà nínú Scientific Reports ti 2019. Wá a kà kí o tó kọ orí kejì rẹ.

Láti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ láìfa wàhálà, má lọ sọ fún un pé ẹnì kan ní ásíìdì rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́nà ìtọrọ àyè, sọ pé o fẹ́ ṣe ìfiwéra kékeré kan: ìyẹ̀fun tí ásíìdì kò kàn rí, èyí tí o fi náítíríìkì tó là ṣe, èyí tí o ti sè fún wákàtí 24, àti èédú èèpo àgbọn Àgbádárìgì tí o fúnra rẹ sun, nítorí tálákà tó ń pọn omi kànga kò lè ra nánótíúbù, ẹnikẹ́ni tó bá ka iṣẹ́ rẹ sì máa béèrè. Wọn iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífọ̀ nínú àwọn méjèèjì tó rí ásíìdì, ka carboxyl tó wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì fún wọn ní òjé kan náà nínú omi kànga kan náà. Ásíìdì tó bá ṣẹ́kù, fi sodium carbonate pa á díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hó mọ́, kí o kó o fún ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí láàbù. Tẹ àbájáde mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú ìwé kan, gbé e síwájú ọ̀gá rẹ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.